Ohun Tí Ń Ru Ọkàn Ọkùnrin àti Obìnrin Sókè Nínú Eré Ìjà, àti Bí Ó Ṣe Kan Ìlera Wọn

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ní ayé òde òní, ìjà tí a fi òfin dè, tí adarí ìjà sì dúró sí àárín rẹ̀, ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọlọ́lá, ó sì ti sọ ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì, júdò àti taekwondo wà lára eré ìdárayá tí a ń ṣe ní ìdíje Òlíḿpíìkì, tọkùnrin tobìnrin ni ó sì ń kópa nínú wọn.

Eré wọ̀nyí kò dà bí àwọn eré ìdárayá yòókù. Ẹni tí ń sáré ìje lè fìdí rẹmi láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n akànṣẹ́ tàbí oníjàkadì mọ̀ pé ẹni tí ó dúró níwájú òun wá láti lu òun tàbí láti dá òun mọ́lẹ̀ ni. Síbẹ̀, yóò jí ní ìdájí, yóò sáré, yóò ṣọ́ oúnjẹ jẹ, yóò sì fara da ìrora fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ó ń ru irú ẹni bẹ́ẹ̀ sókè? Ǹjẹ́ ohun kan náà ni ó ń ru ọkùnrin àti obìnrin?

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí láti ọdún pípẹ́. Ìdáhùn náà kan ìlera gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé irú ìwúrí tí ó wà lọ́kàn eléré ìdárayá ni ó ń pinnu bóyá yóò pẹ́ nídìí eré náà, bóyá yóò fi ọgbẹ́ pamọ́ fún dókítà, bóyá yóò sì lè gbé ayé ìrọ̀rùn ní ọjọ́ tí kò bá jà mọ́.

Oríṣi ìwúrí méjì

Ìwúrí ni agbára inú ọkàn tí ń mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan, tí kì í sì í jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá le. Àwọn onímọ̀ pín in sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni ìwúrí àtinúwá, èyí tí ènìyàn fi ń ṣe nǹkan nítorí pé ó fẹ́ràn nǹkan náà fúnra rẹ̀: ó dùn mọ́ ọn láti kọ́ ọgbọ́n tuntun, tàbí láti rí i pé ohun tí kò ṣeé ṣe fún òun lánàá ti ṣeé ṣe lónìí. Èkejì ni ìwúrí àtòdewá, èyí tí owó, àmì ẹ̀yẹ, ìyìn àwọn ènìyàn, ẹ̀rù olùkọ́ni tàbí ìtìjú ń fà.

Edward Deci, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò kan tí ó gbé jáde ní ọdún 1971. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó sì fún wọn ní eré àròjinlẹ̀ kan tí wọ́n ń tò. Ó san owó fún apá kan nínú wọn, kò sì san kọ́bọ̀ fún apá kejì. Nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró, àwọn tí wọ́n ti ń gba owó dín àkókò tí wọ́n ń lò nídìí eré náà kù nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí kò gba owó rárá kò yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé èrè àtòdewá lè jẹ ìfẹ́ àtinúwá run díẹ̀díẹ̀.

Deci àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Richard Ryan, gbé ìwé jáde ní ọdún 1985 lórí èrò yìí. Ohun tí wọ́n kọ́ni ni pé ọkàn ènìyàn nílò ohun mẹ́ta kí ìwúrí tó lè fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ pé òun fúnra òun ni òun yan ohun tí òun ń ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ó sì fẹ́ mọ̀ pé òun ní àwọn ènìyàn tí wọ́n ka òun sí. Ẹni tí ó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í tètè rẹ̀wẹ̀sì. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú wọn, ìfẹ́ eré náà a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

Ní ọdún 1995, Luc Pelletier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí a fi ń wọn ìwúrí àwọn eléré ìdárayá. Ìbéèrè 28 ni ó wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwúrí àtinúwá àti àtòdewá, ó tún ń wọn ipò kẹta: ipò ẹni tí ó ń lọ sí pápá lójoojúmọ́ láìmọ ìdí tí ó fi ń lọ mọ́.

Ta ni eléré ìdárayá ń bá díje?

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. John Nicholls ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà mọ̀ pé òun ti ṣe àṣeyọrí. Àwọn kan ń fi ara wọn wé ara wọn. Bí oníjàkadì irú èyí bá kọ́ bí a ṣe ń gbá ẹsẹ̀ mú dáadáa ju ti oṣù tí ó kọjá lọ, inú rẹ̀ dùn, kódà bí wọ́n bá tilẹ̀ dá a mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ń fi ara wọn wé ẹlòmíràn. Lójú tiwọn, kò sí àṣeyọrí níbi tí a kò bá ti borí ẹnìkan.

Èrò méjèèjì lè wà lọ́kàn ẹnìkan ṣoṣo, ó sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gbóńtarìgì. Ewu wà níbi tí èrò kejì bá dá nìkan wà. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n mìíràn ju pé kí ó borí lọ kò ní ohun tí yóò dì mú ní ọjọ́ tí kò bá borí.

Ibi tí ọkùnrin àti obìnrin ti yàtọ̀

Nínú ìwádìí tí Joan Duda ṣe láàárín àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà Amẹ́ríkà, tí ó gbé jáde ní ọdún 1989, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ń fẹ́ borí ẹlòmíràn, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ń fẹ́ láti mọ iṣẹ́ náà dáradára sí i. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e nínú onírúurú eré ìdárayá rí ohun tí ó fara jọ èyí: ìwúrí àtinúwá a máa ga díẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ìwúrí owó àti òkìkí a sì máa ga díẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ni ó fẹnu kò, ìyàtọ̀ náà kì í sì í sábà tóbi.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà? Àwọn kan lè rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn eré ìjà, a ó rí i pé ẹnu ọ̀nà tí ọkùnrin gbà wọlé kọ́ ni obìnrin gbà wọlé.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àwọn ọkùnrin ti wà ní Òlíḿpíìkì láti ọdún 1904. Ọdún 1992 ni júdò àwọn obìnrin tó di eré tí a ń gba àmì ẹ̀yẹ lé lórí, ọdún 2004 ni ti ìjàkadì wọn, ọdún 2012 sì ni ti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wọn. Taekwondo nìkan ni ó gba ọkùnrin àti obìnrin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ní Sydney ní ọdún 2000. Ní ọdún 1959, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Rusty Kanokogi, múra bí ọkùnrin láti bá wọn díje júdò ní New York. Ó borí, ṣùgbọ́n wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n mọ̀ pé obìnrin ni. Òun náà ni ó ṣètò ìdíje júdò àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní ọdún 1980. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jane Couch ní láti gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kí ó tó gba ìwé àṣẹ láti máa kan ẹ̀ṣẹ́ fún owó ní ọdún 1998.

Ẹ wo Nicola Adams, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Òlíḿpíìkì. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ìyá rẹ̀, tí kò rí ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ, mú un lọ sí ibi ìdárayá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀ṣẹ́. Ó ja ìjà àkọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 13, ọdún mẹ́rin sì kọjá kí ó tó rí ọmọbìnrin mìíràn tí yóò bá a jà. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì tí ń dúró dè é, òkìkí pàápàá kò sí. Ọdún 2012 ni gbogbo èyí tó dé, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 29.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere nìyí. Níbi tí èrè kò bá sí, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú nìkan ni yóò dúró tì í. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ìwádìí bá rí i pé ìwúrí àtinúwá pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ́ kù sídìí eré ìjà. Ilẹ̀kùn náà ti ń ṣí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Katie Taylor ti Ireland àti Amanda Serrano ti Puerto Rico ja ìjà tí ó ṣíwájú gbogbo ìjà alẹ́ ọjọ́ náà ní Madison Square Garden ní New York, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjà obìnrin yóò wà ní ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí owó ti ń wọlé, ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń rí máa dín kù.

Láàárín àwọn ọ̀gbóńtarìgì

Bí a bá gòkè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti dé góńgó, ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin a máa ṣòroó rí. Ẹni tí kò bá fẹ́ borí kò lè dé ibẹ̀, ẹni tí kò bá sì fẹ́ràn ìdánrawò kò lè pẹ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ akọ tàbí abo. Ní ọdún 2005, Janet Hyde, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kó àbájáde ìwádìí rẹpẹtẹ jọ lórí ìrònú àti ìwà ọkùnrin àti obìnrin. Ohun tí ó rí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìyàtọ̀ tí aráyé ń pariwo ni kò tó nǹkan, tí ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin kan àti ọkùnrin mìíràn sì máa ń tóbi jù ú lọ.

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1996 lórí àwọn àgbà eléré ìdárayá Bùlùgáríà tún fi hàn pé àyíká ń kó ipa ńlá. Níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa jù ni ìwúrí àtòdewá wọn ga jù. Àlàyé tí àwọn olùwádìí ṣe ni pé ètò eré ìdárayá orílẹ̀-èdè náà gbé ẹni tí ó bá borí gẹ̀gẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ẹni tí kò borí sí. Bí ìlú bá ṣe ń san ẹ̀san ni ọkàn àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ ṣe ń tò.

Ti Nàìjíríà ńkọ́?

Àwọn akànṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orúkọ Nàìjíríà jáde ní Òlíḿpíìkì. Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, gba idẹ ní Tokyo ní ọdún 1964, àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí gbà nìyẹn. Ṣáájú rẹ̀, Hogan Bassey ti gba adé àgbáyé ní ọdún 1957, Dick Tiger náà sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1962. Ìran àwọn ọmọkùnrin tí ó tẹ̀ lé wọn dàgbà pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí ó fi hàn pé ẹ̀ṣẹ́ lè gbé ènìyàn kúrò nínú ìṣẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin kò ní irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin ni ó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìjàkadì. Blessing Oborududu gba fàdákà ní ìpele kílógíráàmù 68 ní Tokyo ní ọdún 2021. Odunayo Adekuoroye, ọmọ Àkúrẹ́, gba wúrà ní ìdíje Commonwealth ní ọdún 2014, 2018 àti 2022, ó sì gba fàdákà ní ìdíje àgbáyé ọdún 2017. Ní ọdún 2021 kan náà, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé yìí fìdí rẹmi nínú ìjà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Tokyo. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó padà wá gba wúrà ní Birmingham. Ẹni tí ìfẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ju ti àmì ẹ̀yẹ lọ kì í sábà dìde bẹ́ẹ̀.

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà lẹ́yìn odi, ohun tí ó ń ru ọkùnrin méjì sókè kì í tilẹ̀ í ṣe ọ̀kan náà. Israel Adesanya, tí a bí ní Èkó, tí ó sì dàgbà ní New Zealand, ti sọ ní gbangba pé ìfìyàjẹni àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára ohun tí ó mú òun kọ́ ìjà. Anthony Joshua, tí ó gba wúrà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2012, jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí ọmọ ẹbí rẹ̀ kan mú un wọ ibi tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ìtìjú àná ni ó ti ẹnìkan dé ibẹ̀, ìfẹ́ ẹbí ni ó mú ẹnìkejì lọ.

Nígbà tí ìwúrí bá di àìsàn

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ohun méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Melbourne, Ronda Rousey, tí ó ti gba idẹ júdò ní Òlíḿpíìkì ọdún 2008, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì borí rẹ̀ rí nínú ìjà aládàlù, fìdí rẹmi lọ́wọ́ Holly Holm. Ní Düsseldorf, Tyson Fury lu Wladimir Klitschko, ó sì di ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ tí ó wúwo jù ní àgbáyé.

Ọ̀kan fìdí rẹmi, èkejì borí. Síbẹ̀, inú ọ̀fọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì já sí. Rousey sọ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọdún 2016 pé lẹ́yìn ìjà náà, èrò láti pa ara òun wá sí òun lọ́kàn, nítorí pé òun kò mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́ bí òun kò bá ti jẹ́ aborí. Fury ní tirẹ̀ bọ́ sínú ìsoríkọ́, ọtí àmujù àti oògùn olóró. Ó jọ̀wọ́ àwọn bẹ́líìtì rẹ̀ ní ọdún 2016, kò sì padà sójú ìjà títí di ọdún 2018, lẹ́yìn tí ó ti gba ìtọ́jú. Ohun tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lé ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì rí ohun mìíràn tí yóò máa lé mọ́.

Àpẹẹrẹ méjèèjì fi hàn pé àìsàn yìí kò mọ akọ, kò mọ abo. Ẹni tí ó bá fi ìníyelórí ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ àbájáde ìjà nìkan wà nínú ewu, bí ó borí, bí kò borí.

Ewu tún wà fún ara. Nítorí pé ìwúwo ni a fi ń pín àwọn oníjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa febi pa ara wọn, wọn a sì máa fi òógùn fa omi kúrò lára kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1997, oníjàkadì mẹ́ta ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà kú láàárín nǹkan bí oṣù kan nítorí àṣà yìí, èyí tí ó mú kí wọ́n fòfin de wíwọ aṣọ rọ́bà àti jíjókòó sínú yàrá gbígbóná láti dín ìwúwo kù. Ní Paris ní ọdún 2024, wọ́n yọ Vinesh Phogat, obìnrin ará Íńdíà, kúrò nínú ìjà àṣekágbá nítorí gíráàmù 100 péré tí ó fi lé, lẹ́yìn tí ó ti fi gbogbo òru gbìyànjú láti dín in kù.

Ní ọdún 2014, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé kìlọ̀ nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oúnjẹ tí eléré ìdárayá ń jẹ kò bá tó agbára tí ó ń lò. Nǹkan oṣù obìnrin lè dáwọ́ dúró, egungun lè máa rọ, ara kì í sì í lè gbógun ti àìsàn bí ó ti yẹ. Ìgbìmọ̀ náà tẹnu mọ́ ọn pé àwọn ọkùnrin náà ń ní in, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì rẹ̀ kì í tètè hàn lára wọn.

Ìmọ̀ràn fún àwọn olùkọ́ni àti òbí

Olùkọ́ni tí ó bá gbọ́ pé obìnrin fẹ́ràn ẹ̀kọ́, tí ọkùnrin sì fẹ́ràn ìborí, kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe òfin. Ohun tí ó yẹ ni kí ó bi ẹnìkọ̀ọ̀kan léèrè ìdí tí ó fi wá. Ọmọbìnrin kan lè wà tí owó ni ó ń wá láti fi ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan lè wà tí ìdùnnú ìdánrawò tó o.

Kí olùkọ́ni máa yin ohun tí ọmọ náà kọ́, kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ nìkan. Kí ó jẹ́ kí ó lọ́wọ́ nínú ètò ìdánrawò tirẹ̀. Kí ó má ṣe fi ìtìjú tàbí èébú ṣe ọ̀pá ìdarí, nítorí pé ẹni tí ìbẹ̀rù ń lé yóò máa fi ọgbẹ́ pamọ́. Ẹ̀wẹ̀, kí àwọn òbí rí i dájú pé ọmọ náà ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́ lẹ́yìn eré ìjà. Nicola Adams fẹ̀yìn tì ní ọdún 2019 nítorí kí ojú rẹ̀ má baà fọ́. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ fún gbogbo oníjà.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ ni àìsùn, ìbínú òjijì, àìfẹ́ lọ síbi ìdánrawò mọ́, jíjẹun àti bíbì í padà, dídúró nǹkan oṣù, ọtí àmujù àti ọ̀rọ̀ pé ayé sú ni. Ẹni tí a bá rí èyí lára rẹ̀ nílò dókítà, kì í ṣe ìbáwí. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ikú, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú ọkàn wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí a fi ń kọ́ ìṣègùn, ó sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà fún ìlera ọpọlọ ní Àrò ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 náà ti fìdí ẹ̀tọ́ àwọn tí ń gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, kò sì sí ìtìjú kankan nínú kí akọni wá ìrànlọ́wọ́.